Iye Tí Ọkọ̀ Bàbá Wa Tó

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ iye tí kátíkátí àlòkù tó, kì í ṣe ara rẹ̀ tó ń dán ni yóò kọ́kọ́ wò. Ọ̀dà ni ìyẹn, ọ̀dà kò sì wọ́n. Bàbá wa ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Kátíkátí ni àwa ní Ṣábẹ̀ẹ́ ń pe ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè fà lẹ́ẹ̀kan náà, irú èyí tó ń wọ oko iṣu àti oko kajú nígbà òjò, tó sì ń jáde padà. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà lọ́mọdé, kò sí ẹni tó fẹ́ ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìlú yìí, tàbí ní Boni, tàbí ní Sakin, tí kò ní wá kan ilẹ̀kùn wa kó tó kówó sílẹ̀. Wọn kì í wá bẹ bàbá mi pé kó bá wọn ná an. Wọ́n ń fẹ́ kó wò ó ni, kó sì sọ iye tó tó.

Àṣà kan wà nídìí iṣẹ́ náà. Ẹni àárín ni wọ́n ń pe ẹni tó bá ń wo ọkọ̀. Kò gbọdọ̀ jẹun nílé ẹni tó ń tà tàbí nílé ẹni tó fẹ́ rà lọ́jọ́ náà. Omi tí yóò mu pàápàá, ilé rẹ̀ ni yóò ti mu ún wá. Àárọ̀ kùtù ni yóò wo ọkọ̀, nígbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì tutù, nítorí ọkọ̀ tí wọ́n bá ti tan iná sí kí o tó dé, ó ti mọ irọ́ tí yóò pa fún ọ. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò dárúkọ owó. Bí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì bá kọ̀, ọjà fọ́ nìyẹn, kò sí ìjà. Mo ti rí àwọn ọkùnrin tó lè fi odindi ọjọ́ ọjà ná ewúrẹ́ kan, tí wọ́n dákẹ́ bí ọmọ iléèwé níwájú bàbá mi.

Bàbá mi le. Tíṣà kan wà tí ìjọba gbé wá sọ́dọ̀ wa láti Pobẹ̀, ó rí kátíkátí pupa kan tó ń tàn yanran, ó ti fẹ́ràn rẹ̀ tán kó tó pè wá. Bàbá kò wo ẹ̀rọ rẹ̀ rárá. Ó ká ohun tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ọkọ̀ náà, ó gbóòórùn abẹ́ rẹ̀, ó sì ní, "Ọkọ̀ yìí ti wẹ odò rí. Mi ò ní dárúkọ owó." Ẹni tó ń tà á bú u títí, ó bú ìyá tó bí i. Bàbá ń nu ọwọ́ rẹ̀. Tíṣà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, àfi bí ẹni tí wọ́n gba ìyàwó lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi nìkan ló kọ́ iṣẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sá lọ sí Kútọ̀nu, ó ní eruku Ṣábẹ̀ẹ́ ń dun òun nímú. Èmi ni mo ń tẹ̀ lé bàbá kiri, nígbà tí mo sì dàgbà, mo ṣí ìsọ̀ kékeré kan létí ọ̀nà ọlọ́dà ńlá tó la ìlú wa kọjá, níbi tí mo ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ títí di òní. Àwọn awakọ̀ tó ń ti Parakú bọ̀ ní ẹnu mi mú ju abẹ lọ. Bí ẹnu mi kò bá mú, ṣé wọn ìbá sanwó?

Bàbá wa kú nígbà òjò, nínú kátíkátí tirẹ̀, lọ́nà oko. Ohun tí ìyá wa sọ fún wa kò pọ̀: àyà gbá a mú, wọ́n ń lọ sílé ìwòsàn, ẹrẹ̀ mú ọkọ̀, wọn ò débẹ̀. A kò bi í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí lo tún fẹ́ bi í? Àwọn olóko fi okùn fa ọkọ̀ náà jáde, wọ́n wà á wá sílé, wọ́n gbé e sábẹ́ igi máńgòrò ní àgbàlá. Ibẹ̀ ló sì wà.

Ìgbà tí ìyá wa bọ́ aṣọ opó tán la tó rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, bí oòrùn bá ti ń wọ̀ lẹ́yìn àpáta, yóò wẹ̀, yóò wọ aṣọ tó mọ́, yóò ṣí ilẹ̀kùn kátíkátí, yóò jókòó síbi tó máa ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, yóò sì pa ilẹ̀kùn dé. Kò ní jáde títí ojú yóò fi ṣókùnkùn. Lákọ̀ọ́kọ́ mo rò pé àdúrà ló ń gbà. Mo sún mọ́ ọn níjọ́ kan, fèrèsé ṣí díẹ̀, mo gbọ́ tó ń wí pé, "Hùn," ó dákẹ́, ó tún wí pé, "Hùn," bí ẹni tí wọ́n ń pè, tó ń dáhùn. Mo padà sẹ́yìn láìjẹ́ kó rí mi.

Àwọn aládùúgbò ti rí i ṣáájú wa. Obìnrin kan wà tó máa ń gba àgbàlá wa kọjá lọ síbi ẹ̀rọ omi, ó yí ọ̀nà padà. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní òun kò lè kọjá láìkí ènìyàn, òun kò sì mọ̀ bóyá ẹnì kan ni kí òun kí tàbí ẹni méjì. Mo bínú sí i, mo sọ̀rọ̀ tí kò dáa sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba èmi náà. Eruku bo ọkọ̀ yẹn láti òkè délẹ̀, àfi ọwọ́ ilẹ̀kùn ìyá wa. Ní ọ̀sán gangan, bí mo bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mò ń gbóòórùn obì àti ìpara tí bàbá fi ń pa orúnkún, mo sì ń yára ẹsẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ní ká tà á. Orí fóònù ló ti sọ ọ́, bí ọ̀gá tó ń pàṣẹ fún akọ̀wé. "Ọkọ̀ yẹn ló ń mú ìyá wa lọ. Bí a ò bá gbé e kúrò níbẹ̀, a máa sin òun náà tẹ̀ lé bàbá." Inú bí mi, torí pé òótọ́ ló sọ. Ìyá wa ti rù. Ó ń jẹun bí ẹni tí wọ́n yá lóúnjẹ. Bí ọkọ̀ náà bá lọ, bóyá yóò padà sọ́dọ̀ àwa tó wà láàyè; bí kò bá sì lọ, mo ti ń rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò já sí. Ẹ̀gbọ́n mi wá fi kún un pé ká má gbà kéré sí mílíọ̀nù mẹ́rin owó sẹ́fà. Mo bi í pé ìgbà wo ló rí ọkọ̀ náà gbẹ̀yìn. Ó ní ọkọ̀ bàbá òun ni, òun mọ iye tó tó. Mo ní ó dáa.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá wa, kò bá mi jiyàn. Ó ní, "Ẹ tà á. Ọkọ̀ yín ni." Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó wẹ̀, ó tún lọ jókòó síbẹ̀.

Àwọn tó kọ́kọ́ wá kò níláárí. Ọ̀kan ní ìdajì owó lòun yóò san, nítorí èrò ti wà nínú ọkọ̀ náà kí òun tó dé. Ó rò pé òun ń ṣàwàdà. Mo fi ẹnu mi lé e dé ojú títì, ó gun zémíjàn, alùpùpù tó ń gbé èrò, èyí tó kọ́kọ́ rí, kò tilẹ̀ ná owó rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àgbàlagbà oníṣu kan láti Adido wá, ọkùnrin jẹ́jẹ́. Bàbá wa ti bá a wo ọkọ̀ rí. Ó jókòó ní ìsọ̀ mi, ó ní òun fẹ́ ra kátíkátí olóògbé. Mo ní kó lọ wá ẹni àárín wá.

"Ta ni kí n lọ wá? Ẹni tí mo mọ̀ ti kú. Ìwọ ló kọ́. Ìwọ ni kí o wò ó."

"Bàbá, ṣebí àwa la ń tà á. Ta ló ń tajà tó tún ń ṣe ẹni àárín?"

"Mo mọ̀." Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Bí o bá rẹ́ mi jẹ, bàbá rẹ lo rẹ́ jẹ. Mò ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la."

Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni mo pè é, àbí? Ó fi ọ̀rọ̀ náà dè mí mọ́lẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín lọ. Inú ń bí mi títí ilẹ̀ fi ṣú. Bí mo bá pe owó tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́, oníṣu yóò máa bá tirẹ̀ lọ, ìyá wa yóò sì wà nínú ọkọ̀. Bí mo bá pe owó táṣẹ́rẹ́ kí ọkọ̀ lè tètè kúrò, mo ti ba iṣẹ́ bàbá mi jẹ́, lórí ọkọ̀ bàbá mi. Kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí n rí iye tó tó gan-an.

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo mu omi nílé tèmi kí n tó jáde. Àgbàlagbà náà ti dé ṣáájú mi, ó jókòó sórí òkúta lẹ́bàá ògiri, kò fọwọ́ kan ọkọ̀. Ìyá wa sì ti wà nínú rẹ̀. Kò jókòó síbẹ̀ láàárọ̀ rí. Ó wọ aṣọ tó mọ́, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó ń wo iwájú.

"Ìyá, a fẹ́ wo ọkọ̀."

"Ẹ wò ó. Mi ò dí yín lọ́wọ́."

Àgbàlagbà náà kí i, ó sì yí ojú sápá kan. Mo bẹ̀rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún mi pé bí yóò ti rí nìyẹn. Bàbá kọ́ mi pé agogo tó ń ka ìrìn ọkọ̀ lè purọ́, nítorí àwọn kan ń yí i sẹ́yìn kí ọkọ̀ tó kúrò létí òkun. Rọ́bà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ bí a bá fẹ́ fa ìjánu kì í purọ́. Bí ẹsẹ̀ bá ti ń tẹ̀ ẹ́ tó ni yóò jẹ tó. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wò ó. Apá kan rọ́bà náà ti jẹ tán, apá kejì ṣì le. Ẹsẹ̀ bàbá wa ni. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wọ́ díẹ̀ láti kékeré, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló fi ń tẹ nǹkan. Mo yọ owó díẹ̀ lọ́kàn mi. Mo fọwọ́ kan ìdarí ọkọ̀. Ó ti họ níbì kan, níbi tí òrùka bàbá ti ń gbo ó. Mo yọ owó. Etí fèrèsé ti ṣá níbi tó ń gbé ìgbọ̀nwọ́ lé. Mo tún yọ. Ìjókòó rẹ̀ ti jìn lápá kan. Gbogbo ohun tó ń dín owó ọkọ̀ náà kù, bàbá mi ni. Bí mo ti ń wò ó sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń pọ̀ sí i nínú ọkọ̀ náà, títí mo fi gbé ojú sókè, tí mo sì retí láti rí i. Ìyá wa nìkan ló wà níbẹ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ mi.

Ohun kan wà tí mi ò ṣe. Bàbá kọ́ mi pé kí n fẹ̀yìn lélẹ̀, kí n wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, kí n wo egungun rẹ̀ àti àwọn irin tó ń gbé agbára lọ sí ẹsẹ̀ iwájú. Mo tẹ́ àpò sílẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo sì dìde padà. Ọmọ kì í yọjú wo abẹ́ aṣọ bàbá rẹ̀. Mo mọ̀ pé irin ni. Mo mọ̀ pé bí oníbàárà mi kan bá ṣe irú rẹ̀, màá fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún yóò fi yí. Ara mi kọ̀ ọ́ ni. Àgbàlagbà náà rí mi. Mo rò pé òun náà kò ní lè ṣe é. Mo gbọn eruku orúnkún mi, mo ní ká wà á.

Mo jókòó síbi bàbá mi, mo sì rì sí ibi tí ara rẹ̀ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀rọ náà wúkọ́, ó dìde, èéfín rẹ̀ mọ́. Àgbàlagbà náà wà lẹ́yìn. A gba ọ̀nà àpáta tó wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí bàbá ti máa ń dán ọkọ̀ wò. Mo fa irin tó ń so ẹsẹ̀ iwájú mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, iná kékeré tàn níwájú mi láwọ̀ ewé, ọkọ̀ sì gun àpáta gbígbẹ láìyọ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Níbi tí ọ̀nà ti rọ̀ kalẹ̀ sójú ìṣàn kan, ìyá wa sọ̀rọ̀.

"Ẹ rọra o. Ibẹ̀ ń yọ̀."

Ọwọ́ mi lórí ìdarí ọkọ̀ ló ń wò, èmi nìkan ló sì ń wà á. Láti ọjọ́ tó ti bí mi, ìyá wa kò fi 'ẹ' bá mi sọ̀rọ̀ rí. Ìṣàn náà ti gbẹ láti ìgbà tí òjò ti lọ, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju yanrìn lọ. Mo wo inú dígí, mo rí ojú àgbàlagbà náà. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mo rọra bí wọ́n ti ní kí n rọra, títí a fi padà délé.

Mo gbé ọkọ̀ sábẹ́ máńgòrò. Èmi àti àgbàlagbà náà sọ̀ kalẹ̀, ìyá wa kò sọ̀. Mo dúró níwájú ọkọ̀, mo gbé ọwọ́ lé orí ẹ̀rọ tó ti gbóná, bí bàbá ti máa ń ṣe.

"Mílíọ̀nù mẹ́ta," ni mo wí.

Àgbàlagbà náà mi orí pé ó dáa. "Mo gbọ́."

Ara mi balẹ̀ díẹ̀. Kò tó èyí tí ẹ̀gbọ́n mi ń fẹ́, ṣùgbọ́n kò sí irọ́ nínú rẹ̀, mo sì rò pé bàbá mi náà ìbá pe iye yẹn. Ó wá ku ìbéèrè kan. Kí ọjà tó dì, ẹni àárín gbọ́dọ̀ bi àwọn onílé bóyá wọ́n mọ ohun tí ojú òun kò rí. Wọ́n ní ẹni tó bá mọ̀ tí kò wí, ọkọ̀ náà yóò máa pè é. Mo bi í bí ẹni tó ń ṣe àmín sí àdúrà, ọkàn mi ti lọ sọ́dọ̀ ohun tí màá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ̀yin onílé, ṣé ẹ mọ ohun tí ojú mi kò rí?"

"Ẹsẹ̀ iwájú kò fà," ni ìyá wa wí láti inú ọkọ̀.

"Ìyá, ó fà. Iná rẹ̀ tàn, mo rí i."

"Iná rẹ̀ máa ń tàn. Ó tàn lọ́jọ́ náà."

Mo sún mọ́ fèrèsé rẹ̀. Kò yíjú.

"A ń ti oko Sakin bọ̀," ló wí. "Àyà bàbá yín ti ń dùn wọ́n láti ìdí kajú, wọ́n ní àwọn á wà á délé ìwòsàn. Ìṣàn kún. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rì. Wọ́n fa irin yẹn, iná tàn, ẹsẹ̀ iwájú kò mira. Wọ́n fà á, wọ́n fà á, ó rẹ̀ wọ́n. Wọ́n wá wí fún mi pé àwọn mọ̀. Láti òjò èṣí làwọn ti mọ̀ pé irin kan ti ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní bí a bá ta kajú tán, àwọn á tún un ṣe."

Bàbá mi, tó lè fọ́ ọjà olówó lórí rọ́bà kan. Inú bí mi sí i, mo sì mọ̀ lójú kan náà pé kò sí ibi tí màá gbé ìbínú náà sí.

"Mo ní kí n sọ̀ kalẹ̀, kí n lọ pe àwọn olóko," ni ìyá wa ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Kò jìnnà. Mò ń gbọ́ ohùn wọn. Bàbá yín di aṣọ mi mú. Mo ní mò ń bọ̀ kíá. Wọ́n ní, 'Má sọ̀ kalẹ̀. Má fi mí sílẹ̀.' Mo bá jókòó. Wọ́n ń pè mí, mò ń dáhùn. Nígbà tó yá, wọn ò pè mí mọ́."

Àgbàlagbà náà ti ṣí fìlà, ó dì í mú níwájú. Adìẹ kan ń ta ilẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹni àárín kì í yí owó padà, àfi bí onílé bá sọ ohun tó fara sin. Mo yọ owó irin tó ṣẹ́ náà kúrò. Mo dárúkọ èyí tó kù.

"Mílíọ̀nù méjì àbọ̀."

"Ó tó," ni àgbàlagbà náà wí. "Mo rà á."

Mo ṣí ilẹ̀kùn ìyá wa.

"Ìyá, ẹ sọ̀ kalẹ̀ wàyí. Bàbá ò sí nínú ọkọ̀ yìí mọ́."

Ó wá wò mí, fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ náà.

"Mo mọ̀ pé wọn ò sí níbẹ̀," ló wí. "Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ti mọ̀. Èmi ni mo ṣì wà níbẹ̀."

Èmi tí ẹnu mi mú ju abẹ lọ, mo di ilẹ̀kùn mú, mo ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó tò jọ nínú ọkọ̀. Àgbàlagbà náà ló rìn yí ká wá sọ́dọ̀ wa. Kò gbé ohùn sókè.

"Ìyá àwọn ọmọ, ẹni tó ni ọkọ̀ ló ní kí ẹ má sọ̀. Ẹ ṣe é, ẹ gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Ọkọ̀ ti di tèmi báyìí. Èmi ni mo ní kí ẹ sọ̀ kalẹ̀."

Ìyá wa na ọwọ́ sí mi, ọwọ́ náà tutù. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó gbé èkejì, ó sì dúró lórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. A kò tíì rí i kó sunkún láti ìgbà tí wọ́n ti gbé bàbá wa wálé.